Ìyá wa ní Mọ̀pà: dókítà ní ọkàn wọn ò lágbára tó mọ́. Ẹ gbà wá nímọ̀ràn

Ọmọ Mọ̀pà ní Lọ́kọ́ja

Òkun o, ẹ̀yin ará ilé. Mo kí àgbà, mo kí ọmọdé.

Ọ̀rọ̀ ìyá mi ni mo gbé wá. Ẹni ọdún 68 ni wọ́n, Mọ̀pà ni wọ́n ń gbé, wọ́n ṣì ń nájà. Ó tó oṣù mẹ́ta tí ẹsẹ̀ wọn ti ń wú. A ní bóyá ìdúró ni, a ní kí wọ́n máa gbé e lé orí àpótí. Nígbà tó yá, wọn ò lè fẹ̀yìn lélẹ̀ sùn mọ́. Ìrọ̀rí kan di mẹ́ta, mẹ́ta di orí àga. Lóru ọjọ́ kan ni àbúrò mi pè mí pé Màmá ń mí gúlegúle bí ẹni tó sáré bọ̀ láti oko. A gbé wọn lọ sí Ìlọrin, wọ́n sì lo ọjọ́ mẹ́sàn-án lórí bẹ́ẹ̀dì. Wọ́n ṣe ẹ́kò, ìyẹn àwòrán ọkàn, wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ ríru tí a ò tọ́jú dáadáa láti ọjọ́ pípẹ́ ló bà á jẹ́. Heart failure ni dókítà kọ sínú ìwé. Nígbà tí mo kà á, orúnkún mi yẹ̀. Mo rò pé wọ́n ní ọkàn Màmá ti fẹ́ dákẹ́ ni.

Wọ́n ti dá wa sílẹ̀ báyìí pẹ̀lú oògùn márùn-ún. Dókítà ní kí Màmá máa fúnra wọn kópa nínú ìtọ́jú ara wọn, ó sì kọjá sídìí bẹ́ẹ̀dì kejì. Màmá ò kàwé. Àwọn àti ọmọ-ọmọ wọn, ọmọ ọdún 13, ni wọ́n jọ ń gbé. Báwo ni wọ́n ṣe máa kópa? Kí ni kí n rà? Kí ni kí wọ́n má jẹ? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí n dá a rù.

Nọ́ọ̀sì Tó Ti Fẹ̀yìntì, Kàbà

Pẹ̀lẹ́ o, ọmọ mi. O kú ìtọ́jú ìyá.

Má jẹ́ kí orúkọ yẹn pa ọ́ láyà. Ọkàn wọn ń ṣiṣẹ́, àmọ́ agbára tó fi ń ti ẹ̀jẹ̀ jáde ti dín kù. Ẹ̀jẹ̀ tí kò ráyè lọ síwájú ń há sẹ́yìn, omi inú rẹ̀ ń sun jáde. Èyí tó bọ́ sínú ẹ̀dọ̀fóró ni kò jẹ́ kí wọ́n lè sùn sílẹ̀, èyí tó sọ̀ kalẹ̀ ló ń wú ẹsẹ̀. Kíndìnrín náà wá ń ṣi nǹkan mú. Ẹ̀jẹ̀ tó ń dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ kò tó ti tẹ́lẹ̀, ó rò pé omi ló tán lára, ló bá di iyọ̀ àti omi mú, kò jẹ́ kó bá ìtọ̀ lọ. Bí o bá ti mọ èyí, gbogbo ìlànà tí wọ́n kó fún ọ á yé ọ: ìdí tí wọ́n fi ní kí iyọ̀ dín kù, ìdí tí oògùn kan fi ń mú wọn tọ̀, àti ìdí tí òṣùwọ̀n fi ṣe pàtàkì ju BP lọ nígbà mìíràn.

Òṣùwọ̀n tí a ń gùn ni kí o kọ́kọ́ rà. Láràárọ̀, bí wọ́n bá jí, tí wọ́n tọ̀ tán, kí wọ́n tó fẹnu kan ohunkóhun, kí wọ́n gùn ún. Ìró àárọ̀ kan náà ni kí wọ́n máa ró. Orí símẹ́ńtì ni kó wà, kì í ṣe orí kápẹ́ẹ̀tì. Bí wọ́n bá fi kílò méjì lé láàárín ọjọ́ mẹ́ta, omi ni, ọ̀rá ò kì í yára tó bẹ́ẹ̀. Pe ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an. Má dúró de ọjọ́ tí wọ́n kọ sórí káàdì. Nígbà tí ẹsẹ̀ bá fi máa wú kí ojú tó rí i, omi ti pọ̀ lára.

Bàbá Oníkaṣú, Ayétòrò-Gbẹ̀dẹ̀

Òótọ́ ni Nọ́ọ̀sì sọ. Èmi fúnra mi ni mo ní àìsàn yìí, láti 2019. Nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe ẹ́kò mi, wọ́n ní nínú ẹ̀jẹ̀ 100 tó kún ọkàn mi, 28 ló ń tì jáde, wọ́n ní ti ẹni tí ara rẹ̀ dá máa ń ju 50 lọ. Lọ́dún tó kọjá, ó ti di 41. Mo ṣì ń lọ sí oko mi. Nítorí náà, kí ìyá yín má ṣe tíì máa pín aṣọ.

Ẹ jẹ́ kí n fi òṣùwọ̀n pa yín lẹ́rìn-ín. Mi ò ní tèmi nígbà yẹn, ni mo bá ń lọ gun ti àwọn tó ń ra kaṣú lọ́wọ́ wa, èyí tí wọ́n ń gbé àpò lé. Gbogbo wa la mọ ohun tí òṣùwọ̀n yẹn ń fojú àgbẹ̀ rí. Ọmọ mi ní, "Bàbá, irọ́ ló ń pa." Mo ní irọ́ kan náà ló ń pa lójoojúmọ́, àfikún ni mo ń wò, kì í ṣe iye. Ó ṣiṣẹ́ títí tí ìgbà kaṣú fi dé tí wọ́n tún un yí! Mo fò sókè ní kílò mẹ́rin láàárọ̀ ọjọ́ kan, mo ti wọ ṣòkòtò pé mò ń lọ ilé ìwòsàn kí n tó ronú kàn án. Ẹ ra tiyín.

Ní ti pé Màmá ò kàwé: ẹ ra oníabẹ́rẹ́, èyí tí ọwọ́ ń yí lójú rẹ̀, ẹ má ra oníbátìrì. Ẹ bi dókítà ní iye tí wọ́n wọ̀n nígbà tí omi ti fà tán lára wọn. Ẹ fi kílò méjì lé e. Ẹ wá fi kútẹ́ẹ̀sì pupa fa ìlà sórí gíláàsì níbẹ̀. Bí abẹ́rẹ́ bá ti kan pupa, kí wọ́n pè yín. Ìyàwó mi ló ro èyí fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, òun náà ò mọ̀wé.

Ọmọ Mọ̀pà ní Lọ́kọ́ja

Ẹ ṣé gan-an, Bàbá. Kútẹ́ẹ̀sì! Mi ò bá má ronú kan èyí láéláé.

Oúnjẹ ńkọ́? Wọ́n ní "kó dín iyọ̀ kù." Màmá ní àwọn ti dín in, pé ìka mẹ́ta ni àwọn ń bù dípò ìkúnwọ́.

Onírù, Ọjà Kàbà

Àǹtí, iyọ̀ tí Màmá ń fi ọwọ́ bù kọ́ ni ìṣòro. Èyí tí wọn ò mọ̀ pé àwọn ń jẹ ni ẹ wá. Ọkọ mi ní àrùn yìí, mo sì ti tú ilé ìdáná mi yẹ́bẹ́yẹ́bẹ́ nítorí rẹ̀. Magí mẹ́rin nínú ìkòkò kan, iyọ̀ ni. Búrẹ́dì, iyọ̀ wà níbẹ̀. Indomie, iyọ̀ inú sáṣẹ́ẹ̀tì kékeré yẹn pọ̀ gan-an. Àti káún! Káún tí a ń jù sínú ẹ̀wà kó lè tètè rọ̀, tí a ń jù sínú ewédú, irú ohun tó wà nínú iyọ̀ tó ń di omi mú náà ló wà nínú rẹ̀. Ọdún kan ni mo fi yọ iyọ̀ kúrò tí mò ń bu káún, tí mò ń sọ pé mò ń ṣe dáadáa.

Mo máa sọ̀rọ̀ lòdì sí ọjà ara mi: irú náà, ẹ bi ẹni tó ń tà á. Àwọn kan ń po iyọ̀ mọ́ ọn kó má bàa bàjẹ́. Èmi máa ń ya ti ọkọ mi sọ́tọ̀ kí n tó fi nǹkan sí i. Irú tí kò níyọ̀, àlùbọ́sà tó pọ̀, ata rodo, atalẹ̀, ẹfinrin, ẹja gbígbẹ tí wọn ò fi iyọ̀ yan: ẹ lè se ẹ̀gúsí tí àlejò ò ní mọ̀. Ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́, ọkọ mi ní omi ẹ̀kọ ni mò ń fún òun jẹ. Nígbà tó di oṣù kejì, a lọ jẹun níbi òkú, ó tu ẹran sílẹ̀, ó ní, "Ta ló da iyọ̀ sí i báyìí?"

Nọ́ọ̀sì Tó Ti Fẹ̀yìntì, Kàbà

Onírù, Ọlọ́run bù kún ọ. Àjọ ìlera àgbáyé ní kí àgbàlagbà tí ara rẹ̀ dá pàápàá má jẹ tó gíráàmù 5 iyọ̀ lójúmọ́, ìyẹn bíi ṣíbí tíì kan tí a ré, pẹ̀lú èyí tó wà nínú Magí àti búrẹ́dì.

Kí n tó gbàgbé: iyọ̀ kan wà ní àwọn ṣọ́ọ̀bù ńlá tí wọ́n ń pè ní iyọ̀ ọlọ́kàn. Potassium ló wà nínú rẹ̀ dípò sodium, ìyẹn ohun inú iyọ̀ tó ń di omi mú. Ẹni tó ń lo oògùn ọkàn bíi Aldactone, lisinopril tàbí losartan kò gbọ́dọ̀ kù gìrì rà á, torí àwọn oògùn wọ̀nyẹn náà ń mú potassium pọ̀ lára, bó bá sì pọ̀ jù, ọkàn á máa lù ségesège. Andrews àti àwọn oògùn tó ń hó nínú omi náà ní sodium.

Omi: kì í ṣe gbogbo ènìyàn ni wọ́n ń dín in fún. Bí dókítà bá ní lítà kan ààbọ̀, píọ́ wọ́tà mẹ́ta géérégé ni. Kí wọ́n kó mẹ́ta sílẹ̀ láàárọ̀, bó bá tán, ó tán. Ògì àti tíì wà nínú rẹ̀ o.

Ọmọ Yàgbà

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ka oògùn inú páálí wò. Kí ẹ tó bínú sí mi, ẹ gbọ́ tèmi.

Bàbá mi ní Ìsánlú ni mo tọ́jú fún ọdún mẹ́rin. Lọ́dún àkọ́kọ́, ẹ̀ẹ̀mẹta ni a gbé wọn padà sílé ìwòsàn, gbogbo ẹbí ń wá ẹni tó ń ṣe wọ́n. Lálẹ́ ọjọ́ kan ni mo tú gbogbo oògùn wọn sórí bẹ́ẹ̀dì, mo ń kà á ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Àwọn yòókù ń lọ bó ṣe yẹ. Lasix, èyí tó ń mú ènìyàn tọ̀, nìkan ló ṣẹ́kù, mọ́kànlá gbáko. Mo bi wọ́n. Wọ́n wò mí títí, wọ́n ní, "Ṣé kí n wá máa dìde lẹ́ẹ̀mẹrin nínú ìsìn ni?" Lọ́jọ́ Ìsinmi, wọn ò ní lò ó. Lọ́jọ́ ìpàdé ẹbí, wọn ò ní lò ó. Bí wọ́n bá fẹ́ wọ mọ́tò lọ sí Kàbà ńkọ́? Rárá. Ẹ má bá wọn wí o. Dírẹ́bà wo ló ń dúró fún arúgbó tó fẹ́ tọ̀? Àti níbo?

Dókítà kan ṣoṣo tí mo fi ẹ̀sín yìí lọ̀ rẹ́rìn-ín, ó ní kí wọ́n má fò ó, kí wọ́n sún un. Bí ìsìn bá parí ní aago 12, kí wọ́n lò ó bí wọ́n bá délé. Kó ṣáà má pẹ́ kọjá bí aago mẹ́rin, kí wọ́n má bàa máa tọ̀ lóru. Láti ìgbà náà, a ò sùn sí ilé ìwòsàn mọ́ fún ọdún kan àti oṣù mélòó kan.

Ìkejì: ẹ má ju páálí oògùn nù. Kẹ́mísìtì kan tí n ò ní dárúkọ ní lisinopril míligíráàmù 5 tán, ó fún wa ní 10, ó ní ọ̀kan náà ni. Orúkọ jọra lóòótọ́. Láàárín ọjọ́ márùn-ún, Bàbá dìde lórí bẹ́ẹ̀dì, òòyì kọ́ wọn, wọ́n lọ fi orí gbá ilẹ̀kùn. Páálí àtijọ́ ni kí ẹ máa gbé lọ, kí ẹ fi wé tuntun kí ẹ tó sanwó.

Àgbà Ìjùmú

Gbogbo èyí dára. Àmọ́ ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí ti gbàgbé pé ewé ń bẹ. Àwọn bàbá wa ò mọ Lasix, wọ́n sì pẹ́ láyé. Ẹ wá àgbo ẹ̀jẹ̀ ríru fún ìyá yẹn.

Nọ́ọ̀sì Tó Ti Fẹ̀yìntì, Kàbà

Ẹ kú àgbà, sà. Mi ò ní bá yín jiyàn pé ewé ń bẹ. Digoxin tí a ń fún àwọn aláìsàn ọkàn, ara ewé òdòdó kan tí wọ́n ń pè ní foxglove ni wọ́n ti rí i. William Withering, dókítà kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kọ ohun tó rí nípa ewé òdòdó náà jáde ní 1785. Ohun tó sì ṣe wàhálà lé lórí jù ni ìwọ̀n, torí bí ewé yẹn bá fi díẹ̀ pọ̀ jù, pípa ló ń pa ènìyàn. Èmi kì í bi ẹlẹ́wé pé ewé wo ni, mélòó ni mo máa ń bi í. Ẹni tó wà lórí oògùn márùn-ún, tó tún mu àgbo tí wọ́n fi káún sè tàbí tí wọ́n rẹ sínú ògógóró, kíndìnrín rẹ̀ ni yóò san gbèsè. Bí Màmá bá ń mu nǹkan kan, kí wọ́n sọ fún dókítà. Kí wọ́n má fi pamọ́ nítorí ìtìjú.

Èyí tó sì ń dà wá láàmú ju àgbo lọ lágbègbè yìí ni oògùn ara ríro. Ibuprofen, diclofenac, Felvin, gbogbo èyí tí wọ́n ń pò fún yín ní kẹ́mísìtì nítorí orúnkún àti ẹ̀yìn: wọ́n ń di omi mú, wọ́n sì ń ba iṣẹ́ oògùn ọkàn jẹ́. Mo ti rí ìyá tó ń ṣe dáadáa fún oṣù mẹ́jọ, orúnkún kan ló gbé e padà wá. Paracetamol oníhóró ni kí wọ́n máa lò, kí wọ́n sì sọ ti orúnkún fún dókítà.

Àgbà Ìjùmú

Mo gbọ́. Felvin wà nínú àpò mi bí mo ṣe ń kà á yìí.

Ìyá Ìbejì

Ẹ jọ̀ọ́, kì í ṣe àwọn àgbà nìkan o. Ẹni ọdún 31 ni mí. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà lẹ́yìn tí mo bí ìbejì ni ẹsẹ̀ mi wú, mò ń wúkọ́ lóru. Gbogbo ènìyàn ní abiyamọ ń wú, kí n máa jókòó sínú omi gbígbóná. Ọjọ́ tí n ò lè gbé ọmọ kan láti bẹ́ẹ̀dì dé ẹnu ọ̀nà ni ọkọ mi gbé mi lọ. Wọ́n ní ọkàn mi ni kò lágbára tó mọ́, pé ó máa ń ṣẹlẹ̀ láti oṣù tó kẹ́yìn oyún títí dé bí oṣù márùn-ún lẹ́yìn ìbímọ. Ọkàn mi ti padà sípò, ìyẹn jẹ́ oore-ọ̀fẹ́. Àmọ́ wọ́n ní n ò gbọ́dọ̀ lóyún mìíràn láìjẹ́ pé mo kọ́kọ́ bá wọn sọ ọ́. Ìyá ọkọ mi ò tíì gbọ́ èyí, ẹ máa gbàdúrà fún mi.

Nọ́ọ̀sì Tó Ti Fẹ̀yìntì, Kàbà

Ìyá Ìbejì, mú ọkọ rẹ lọ́wọ́ lọ sí àyẹ̀wò tó ń bọ̀, kí dókítà sọ ọ́ létí rẹ̀. Ẹ̀yin tó ṣì lè bímọ: lisinopril, losartan, Entresto, kò sí ọ̀kan tó bá oyún mu. Ẹ má dá a dúró fúnra yín, ẹ tètè sọ.

Bàbá Oníkaṣú, Ayétòrò-Gbẹ̀dẹ̀

Mo fẹ́ fi nǹkan kan kún un tó ń tì mí lójú díẹ̀. Aldactone wú ọmú mi. Bẹ́ẹ̀ ni. Ó ń dùn mí bí aṣọ bá kàn án. Oṣù mẹ́rin ni mo fi pa á mọ́, ni mo bá dá oògùn náà dúró láìsọ fún ẹnikẹ́ni, ẹsẹ̀ mi wú padà. Nígbà tí mo wá sọ, dókítà ò tilẹ̀ yà lẹ́nu, ó ní ó máa ń ṣe àwọn ọkùnrin bẹ́ẹ̀, ó bá mi pààrọ̀ rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni ikọ́ gbígbẹ tí lisinopril ń fà, pípààrọ̀ ni wọ́n ń pààrọ̀ rẹ̀. Wọ́n tún fi oògùn kan kún tèmi, dapagliflozin, tí wọ́n ń lò fún àtọ̀gbẹ náà, aládùúgbò mi tó ní àtọ̀gbẹ rí i, ó ní, "Wọ́n fi àrùn mìíràn pa mọ́ fún ọ." Kò rí bẹ́ẹ̀. Wọ́n rí i pé ó ń ran ọkàn lọ́wọ́, àtọ̀gbẹ wà o, kò sí o.

Ẹ má sì sọ Màmá di ère sórí àga. Àwọn ọmọ mi gba ọkọ́ lọ́wọ́ mi fún ọdún kan, ìjókòó yẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí. Dé ìdí ọsàn àti ìpadàbọ̀ ni mo fi bẹ̀rẹ̀, mo ń sún un síwájú díẹ̀díẹ̀. Bí mo bá lè bá ènìyàn sọ̀rọ̀ bí mo ṣe ń rìn, mò ń bá a lọ. Bí ọ̀rọ̀ bá ń gé mọ́ mi lẹ́nu, mo dúró.

Ọmọ Mọ̀pà ní Lọ́kọ́ja

Ìgbà wo wá ni kì í ṣe ọ̀rọ̀ fóònù mọ́? Ìgbà wo ni kí wọ́n kàn gbé wọn?

Nọ́ọ̀sì Tó Ti Fẹ̀yìntì, Kàbà

Bí èémí bá ń gé wọn níbi tí wọ́n jókòó sí láìṣe nǹkan kan. Bí wọ́n bá dákú, tàbí tí àyà ń dùn wọ́n. Bí ọkàn bá ń sáré tí kò sì fẹ́ rọlẹ̀. Bí ikọ́ bá ń hó jáde bí ọṣẹ, tó pọ́n díẹ̀. Bí ọ̀rọ̀ wọn bá ń dàrú. Ẹ má gbé wọn sórí ọ̀kadà, ẹ má sì tẹ́ wọn sílẹ̀ lẹ́yìn mọ́tò. Ìjókòó ni kí wọ́n wà, kí ẹnì kan jókòó tì wọ́n, kí páálí oògùn wà lọ́wọ́. Ẹ mú nọ́ńbà dírẹ́bà kan tó ń sùn sílé sílẹ̀ láti ìsinsìnyí. Bí wọ́n bá ń bì tàbí tí inú ń ṣí wọn, ẹ pe ilé ìwòsàn kí wọ́n tó lo Lasix ọjọ́ náà, torí omi lè gbẹ jù lára wọn pẹ̀lú.

Ọmọ Mọ̀pà ní Lọ́kọ́ja

*(lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méje)*

Òkun o. Mo padà wá jábọ̀.

Mo ra oníabẹ́rẹ́. Dókítà ní kílò 61 ni iye tí Màmá wọ̀n nígbà tí omi fà, mo fa ìlà pupa sí 63. Màmá ò fẹ́ràn rẹ̀ níbẹ̀rẹ̀, wọ́n ní ta ló ń wọn ara rẹ̀ bí àpò gàrí. Ọmọ-ọmọ wọn ló wá sọ ọ́ di eré: bó bá ti rí i pé abẹ́rẹ́ wà lábẹ́ pupa, ó ń fi èédú fa ìlà kan sára ilẹ̀kùn ilé ìdáná. Màmá fúnra wọn ló ń fa á báyìí, wọ́n sì ń kà á fún mi lórí fóònù: ogún, mọ́kànlélógún.

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, wọ́n lọ síbi òkú ní Kàbà, ọjọ́ méjì. Ẹ ti mọ ìyókù. Ọbẹ̀ òkú, mọ́tò, wọn ò lo Lasix lálọ, wọn ò lò ó lábọ̀. Ní àárọ̀ Ọjọ́ Ajé, abẹ́rẹ́ kọjá pupa. Ọmọ náà pè mí kí n tó wẹ̀. Mo pe ilé ìwòsàn, wọ́n ní kí wọ́n fi hóró kan kún un fún ọjọ́ mẹ́ta, kí a sì gbé wọn wá ní Ọjọ́bọ̀ fún àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ wọn. Nígbà tó fi di Ọjọ́rú, wọ́n ti padà sí 62. Wọn ò sùn sílé ìwòsàn. Lálẹ́ ọjọ́ yẹn, ìrọ̀rí méjì péré ni wọ́n fi sùn.

Ọmọ Yàgbà

Ẹ kú oríire, ẹ̀gbọ́n. Nínú ọjà wo lẹ ti rí oníabẹ́rẹ́? Oníbátìrì nìkan ni mò ń rí ní Ìsánlú.

Ọmọ Mọ̀pà ní Lọ́kọ́ja

Lọ́kọ́ja níbí ni. Bí ẹ bá fẹ́, mo lè bá yín rà á, kí n fún dírẹ́bà. Ẹ jẹ́ kí n ra méjì, torí gbogbo àwọn ìyá àdúgbò ló ń wá gun ti Màmá láràárọ̀, ìyá kan sì gbé ewúrẹ́ sórí rẹ̀ lánàá.